Ẹ fa wáyà kan yọ kí ẹ tó san owó tó kù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn bọ́sà ilé ìwé, onílé ìwòsàn àti alákòóso ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ nílùú Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Sáfà tòkùnbọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, ti pọ̀ nígboro. Wọn á rà á, wọn á fi RAM (pátákó ìrántí) àti dísìkì (ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí) kún un, wọn á dé e, wọn á ti wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ parí nìyẹn lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n dé e tán ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń ba sáfà jẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sanwó kò nílò kó mọ iṣẹ́ náà ṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ ohun tí yóò béèrè.

Kí oníṣẹ́ tó dé e, kó fi hàn yín pé ìdè tó wà létí RAM kọ̀ọ̀kan ti padé dáadáa. Ike dúdú ńlá kan wà tó ń bo orí processor (ọpọlọ sáfà), òun ló ń darí atẹ́gùn fáànù. Wọ́n máa ń yọ ọ́ nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, wọn á sì gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Sáfà á tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáànù á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, processor á sì máa gbóná. Ike tí wọ́n fi dí ojú ihò tí kò ní dísìkì náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ má jù ú nù. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó ń pa aago mọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ tòkùnbọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí inú sáfà ṣì wà ní ṣíṣí.

Ọ̀rọ̀ ráàkì (férémù irin tí wọ́n ń to sáfà sí) kò gùn: UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé sáfà bí iná bá lọ) àti ohun tó wúwo ní ìsàlẹ̀, ènìyàn méjì ni kó gbé sáfà, ẹ má sì gbé e sábẹ́ AC tó lè kán omi sí i.

Iná ni kókó. Sáfà gidi sábà máa ń ní power supply (àpótí tó ń gba iná wọlé) méjì lẹ́yìn, pé bí ọ̀kan bá kú, kí èkejì dá gbé gbogbo ẹrù. Kí la máa ń rí? Wáyà méjèèjì nínú extension kan ṣoṣo, extension náà lára UPS kan ṣoṣo. Méjì ti di ọ̀kan nìyẹn. Kí ọ̀kan lọ sára UPS kan, kí èkejì lọ sára UPS mìíràn. Bí owó kò bá tó ra méjì, kí èkejì gba ara sítábíláísà lọ sí iná ìta. Ṣùgbọ́n bí iná ìta bá lọ, UPS kan yẹn ni yóò ru gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìdajì ẹrù ṣírò rẹ̀. Nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ sára UPS, VA ni, kì í ṣe watt. UPS 1000 VA mìíràn kò lè gbé ju 600 watt lọ.

Sáfà tòkùnbọ̀ máa ń bá wáyà ibi tó ti wá dé. Ti Jámánì ní púlọ́ọ̀gì olórí roboto. Bí ẹ bá fi àdápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú tì í bọ ògiri, iná á wọlé, áàtì (wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) lè má wọlé. Ti Amẹ́ríkà, ẹ ka ara wáyà rẹ̀: bí wọ́n bá kọ 125V sí i, kì í ṣe ti iná 230V tiwa. Ẹnu tó wọ ara sáfà rí bákan náà, ìyẹn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ ra wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fíúsì ní Ògùnpa. Ẹni tó sì ń fi bíírò ti ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ yàrá sáfà rárá.

Áàtì fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àpáta pọ̀ nílẹ̀ Ìbàdàn, ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ọyẹ́ kì í sì í gba iná bí ilẹ̀ tútù. Áàtì tó dára ní oṣù keje lè má dára mọ́ ní oṣù kejì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ní kí wọ́n fi míítà wọ̀n ọ́n, kí ààrá àkọ́rọ̀ òjò tó dé. 5 ohm tàbí kó dín ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ń lépa.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí wọ́n máa ń fi kan UPS lásán: jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, UPS ń ké títí bátìrì rẹ̀ fi tán. Iná jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), ó máa ń lọ sókè, ó máa ń lọ sódò, UPS á sì kọ̀ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ tún ṣe. Tó bá jẹ́ ínfátà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ pure sine wave (iná tó ń lọ geere bí ti ìta) sí i lára.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tàn án, ẹ ti wáyà iná bọ̀ ọ́, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 2 kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí. Dell ń pè é ní iDRAC, HP ń pè é ní iLO. Bí RAM bá jẹ́ tuntun, ojú monitor lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 bó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni sùúrù ti máa ń tán tí wọ́n á fa wáyà yọ, wọ́n á ní sáfà ti kú. Bí dísìkì bá ti inú sáfà mìíràn wá, sáfà lè kọ foreign configuration sójú monitor. Import ń gbà á wọlé, Clear ń pa ètò RAID rẹ̀ (bí wọ́n ṣe so àwọn dísìkì pọ̀) rẹ́. Bí àkọsílẹ̀ aláìsàn tàbí owó ẹgbẹ́ bá wà lórí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ Clear.

Kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú kì í sábà jẹ́ bàbà délẹ̀. Ẹ fi abẹ fá wáyà inú rẹ̀, bó bá funfun, aluminium ni, ẹ dá a padà. Kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Bí ìsopọ̀ bá ń fi ìyára 100 Mbps hàn dípò 1000, ẹ má tíì bú swíìṣì, àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. 1000 ń lo wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ inú kébù, 100 ń lo mẹ́rin péré, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti já. Ihò iDRAC tàbí iLO kò gbọdọ̀ fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì tààrà. Root (orúkọ) àti calvin (ọ̀rọ̀ aṣínà) ni Dell fi ń ṣí iDRAC ayé àtijọ́, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà lọ́jọ́ kìíní.

Kí ẹnikẹ́ni tó kó iṣẹ́ gidi sórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí sáfà máa ṣiṣẹ́, kí ẹ fa wáyà iná kan yọ lójú oníṣẹ́. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Ẹ dá a padà, ẹ dúró kí iná ara power supply náà tún tàn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó yọ èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná ilé, ẹ wo aago, kí ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tí UPS lè dúró. Oníṣẹ́ tó bá ní ká ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí owó tó kù náà dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.