Ọjọ́ mẹ́ta nínú òjò Lọ́kọ́ja

Kàbà,
Oṣù Kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ọ̀kun o! Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé dípò kí n tẹ ìlà méjì ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù.

Mo lọ sí Lọ́kọ́ja. Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó yẹn tán, apá ń ro mí, ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ Màmá rẹ ni mo dé sí. Láti Obajana ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù wá, mo sì rò pé ìsinmi mi ti bọ́ sómi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣé o rántí ooru Lọ́kọ́ja, tí aṣọ máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn láti àárọ̀? Òjò ti gbé e lọ. Ọ̀sán gangan ni mo fi ìró bora sùn! Màmá sun àgbàdo lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, èéfín ń rùn sí wa, òjò ń ho lórí òrùlé, a ò gbọ́ ohùn ara wa, a kàn ń jẹ ni. Nírọ̀lẹ́, ẹlẹ́ja kan fi ọ̀rá borí wá sí ẹnu ọ̀nà, ẹja inú abọ́ rẹ̀ ṣì ń mí. Ọbẹ̀ ata tí Màmá fi í sè, mi ò tíì jẹ irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì òjò dá díẹ̀, ọlọ́kadà kan sì gbé mi gun Òkè Patti. Ilé Lugard ṣì wà níbẹ̀, igi oṣè náà ṣì wà. Kùrukùru bo gbogbo ìsàlẹ̀. Ìgbà tí atẹ́gùn gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo tó rí ibi tí Ọya àti Benue ti pàdé. Mo lọ dúró níbi tí bàtà rẹ ti já lọ́jọ́sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi lé ròrò sójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi bí ọkùnrin, iṣu tuntun ti wọ ọjà, bọ̀dá onífọ́tò ti kó lọ sí Ìyàrá.

Àmọ́ odò ti fẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò rí iyanrìn àárín omi mọ́. Òjò tó ń rọ̀ lé wa lórí kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, omi tó ń ti òkè bọ̀ ni. Bí wọ́n bá tún tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù, Benue ló ń gbé e bọ̀ wá bá wa, oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ló sì máa ń kún jù. O mọ bó ṣe rí ní 2012. Ní 2022, ọ̀nà Àbújá gan-an dí ní Koton-Karfe.

Màmá fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ògiri pálọ̀. Nígbà tí mo ń gbálẹ̀, atẹ́gùn gbé e sókè, mo sì rí àmì omi 2022 lábẹ́ rẹ̀. Ó ga dé àyà mi. Fíríìjì ti wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin báyìí, wọ́n sì ti di ìwé ilé sínú ọ̀rá. Wọ́n mọ̀ pé omi lè wá, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ kúrò. Wọ́n ní lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí àwọn padà dé, olè ti kó ìkòkò àti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, àwọn ò ní fi ilé tí bàbá rẹ fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ sílẹ̀ fún olè mọ́.

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n kàn ń bu ẹja sí abọ́ mi ni. Jọ̀ọ́, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá gbé ọ̀dọ̀ mi ní Kàbà títí oṣù Kọkànlá. Mo ti tún yàrá ẹ̀yìn ṣe, àbúrò mi ọkùnrin sì ti gbà láti máa sùn nílé Màmá ní Lọ́kọ́ja, kó máa ṣọ́ ẹrù tí a bá gbé sí àjà. Sọ ti àbúrò mi yẹn fún wọn kí o tó sọ ohunkóhun mìíràn. Alẹ́ ni kí o pè, lẹ́yìn àdúrà, fóònù wọn kì í gbà lọ́sàn-án.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ rẹ.