Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Láti Inú Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àsàlámù aláékúmù, ẹ̀yin jámáà. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n ti ẹ̀rọ omi wa pa mọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ìsàlẹ̀ tó wá pọnmi, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n gbé padà.

Súrátù Fátírì, áyà 12: "Omi ńlá méjì kò dọ́gba: èyí dùn, ó ń pa òǹgbẹ, ó ń lọ geere lọ́nà ọ̀fun, èyí sì ni iyọ̀ tó korò. Láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ti ń jẹ ẹran tútù."

Wa min kullin. Láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́hun ti pe ìkan ní kíkorò tán, síbẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò nídìí àwo.

Adágún kan wà ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, Abert lorúkọ rẹ̀. Odò Chewaucan ń wọ inú rẹ̀, kò sí ọ̀nà àbájáde. Oòrùn ló ń fa omi rẹ̀ lọ, oòrùn kì í sì í gbé iyọ̀. Ẹ bu omi òkun kún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, ẹ sè é gbẹ, iyọ̀ tó máa kù á súnmọ́ kìló 1. Ti Abert máa ń ju ìyẹn lọ. Ẹja ò lè fara dà á. Edé tín-ín-tín àti ìdin eṣinṣin ló kún ibẹ̀. Ẹran tútù ibẹ̀ nìyẹn! Ẹyẹ phalarope á bà lé e, á máa yí bírí bí òkòtó lójú omi kí oúnjẹ lè ru sókè, á jẹ títí ara rẹ̀ á fi wúwo ní ìlọ́po méjì, kó tó fò lọ sí Amẹ́ríkà Gúúsù.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ náà ní òdiwọ̀n. Àwọn tó wà lókè odò ń darí omi sí pápá koríko wọn, ọ̀dá tún dá sí i: omi sá, iyọ̀ dúró. Okun tí edé ìbá fi dàgbà, ó ń fi lé iyọ̀ jáde lára. Nígbà tó bá pọ̀ jù, ó kú. Adágún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ní 2014, ó tún rí bẹ́ẹ̀ ní 2021 àti 2022.

Ẹni tó wà lókè á ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe nísàlẹ̀ ọ̀hún?" Ṣé ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí? Ọmọdé ò mọ ààlà àdúgbò. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó wà lórí ẹ̀ ló mọ̀. Omi wo lẹ fi ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin àgbà? Nígbà tí ìjà omi oko dé iwájú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Zubayr tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ló wà lókè. Ó ní: "Bomi rin oko rẹ, Zubayr, kí o sì jẹ́ kó ṣàn lọ bá aládùúgbò rẹ." Ó gbà kó bomi rin ín. Kò gbà kó sé e mọ́lé. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ mọ àpò tó wà.

Ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin yìí náà lẹ gbé ìkòkò oúnjẹ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀ nígbà tí àgbàrá wọlé wọn, n ò gbàgbé. Kí Ọlọ́hun san yín lẹ́san.

Ìfilọ̀ (àyè ti fún): Àsàlátù, aago 9 ni, kì í ṣe 10 mọ́. Kẹ́tùlù àlùwàlá mẹ́rin ló ń jò. Ẹni tó bá ní èyí tí kò lò, kó gbé e wá. A ó máa tan ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ìrun Àsùbá títí di aago 8, fún gbogbo ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dé.