Ẹ Fi Àmì Sórí Ọ̀rọ̀ Pátákó Ìlú Wa

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi sí pátákó tuntun kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà nítòsí Ọjà Ọba, nílùú Òṣogbo, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ “E MA DA ILE SIBI” sí lára láìsí àmì kankan, tí àpò pàǹtí sì ti kún ìdí rẹ̀. Ta ni ká bá wí? Ẹni tó kà á sí “ẹ má da ilẹ̀ síbí” rí ìkìlọ̀; ẹni tó kà á sí “ẹ máa da ilẹ̀ síbí” rí àyè gbà. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lókè pátákó kan náà pé pérépéré, títí dé orí àmì ìdánudúró.

Ní ilé ìwòsàn kan, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni “OGUN YII WA FUN AGBA NIKAN”. Oògùn ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ogun tí à ń jà àti ogún tí bàbá fi sílẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, èwo ni kó mú?

Ó dùn mí jù nítorí pé olú ìlú ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi odò Ọ̀ṣun sọ lórúkọ lọ́dún 1991 ni a wà, ìlú tí UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun rẹ̀ mọ́ ogún àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Síbẹ̀, “OSUN” ni wọ́n ń kọ káàkiri, bí ẹni pé osùn tí à ń fi kun ara ni. Àwọn aláṣẹ tó ń buwọ́ lu iṣẹ́ wọ̀nyí kò bìkítà. Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ni kò ní àmì, bẹ́ẹ̀ fóònù ọwọ́ wa ní in, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kun ti ẹ̀bá gọ́tà. Àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba má san owó pátákó kankan àyàfi bí olùkọ́ Yorùbá kan bá ti ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tó fi àmì sí i, tó sì buwọ́ lù ú. Àwọn olùkọ́ yìí wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Kí ìjọba ìbílẹ̀ yan ọ̀kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún un ní owó díẹ̀ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn pátákó, ká lè mọ ẹni tí a ó bi bí àṣìṣe bá wọlé. Bí ẹni tó gba iṣẹ́ náà bá kọ̀ láti fi àmì sí i, kó tún un kùn lówó ara rẹ̀. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò bá wa pariwo rẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún un kọ kí ọdún yìí tó parí.

Èmi ni,
Olùkàwé yín,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.