Ìkéde: Ìpàdé Sátidé Lórí Odò Àsà àti Ọ̀rọ̀ Iná

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú àìsíná.

Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, lẹ́bàá afárá Amílẹ́gbẹ́ ní Ìlọrin ni a ó ti pàdé, kí òòrùn tó mú. Odò Àsà ni a ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀rá, ike àti pámpásì ọmọdé ti dí ojú omi. Ẹni tó bá gba orí afárá kọjá á ti gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe àlejò ló ń dà á síbẹ̀ o, àwa náà ni, tí odò bá sì kún, ilé wa ló ń wọ̀. Ẹ mú ṣọ́bìrì àti àpò òfìfo dání. Ẹ má wọ sálúbàtà wá, ìgò fífọ́ pọ̀ níbẹ̀; èyí tó gún mi léṣìí, mi ò tíì gbàgbé.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ó jókòó lórí lẹ́tà tí a fẹ́ kọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Òfin iná mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò iná tirẹ̀. Ẹ̀yin tí kò ní mítà, ẹ mú bíìlì oṣù mẹ́ta wá.

Ẹ̀yin tó ń gbá títì, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá tó 70,000 náírà tí òfin là kalẹ̀ ní 2024, kó rí mi ní kọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹni tó ń bọ̀ jọ̀ọ́ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí n lè mọ iye ìbọ̀wọ́ tí a ó rà. Ẹni tí kò bá lè wá, kó rán ẹnì kan nínú ilé rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́