Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oorun

Èbúté Mẹ́ta, Èkó.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Nígbà tí o wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni o bi mí ní ìbéèrè kan náà, o sì ní ìwé ìdánwò ICAN, ti àwọn oníṣirò owó, tí ò ń kà kì í dúró sí ọ lórí mọ́, kí n máa gbàdúrà. Mò ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàwé di aago 2 òru, tó sì ń jí ní aago 4:30 kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ má baà ká a mọ́ láàrin Agége sí Marina, kò jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ parí iṣẹ́, nítorí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ lójúmọmọ sí àyè rẹ̀. Wákàtí 7, ó kéré tán, ni àgbàlagbà gbọ́dọ̀ sùn.

Mo jìyà rẹ̀ rí. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, tí mo sì ń tajà lọ́sàn-án nítorí owó ilé-ìwé yín, mo gbé abẹ́rẹ́ aláìsàn kan lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin mìíràn, n kò sì mọ̀, àfi ìgbà tí obìnrin náà bi mí pé abẹ́rẹ́ kí ni. N kò sọ ọ́ fún yín rí. Ọjọ́ náà ni mo pa ọjà títà tì.

Fi kọfí ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, torí lẹ́yìn bíi wákàtí 5, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì lè wà lára rẹ. Kí fóònù rẹ sì máa sùn sí pálọ̀. Ti ẹ̀fọ́, ẹja àti ìrìn ẹsẹ̀, o ti mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò mọ̀ sí ló ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ bàbá yín jẹ́, kí rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀.

Títí ìdánwò yóò fi parí, wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Bí o bá gba Carter Bridge, Marina kò jìnnà síbí, wàá lè sùn di aago 6. Mo ti tẹ́ ibùsùn yàrá ẹ̀yìn, aago 10 ni n ó sì máa pa iná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.