Kí ẹ tó pín aṣọ ẹbí

Olóòtú,

Ní Ìbàdàn wa yìí, ẹbí kì í pẹ́ fẹnu kò lórí aṣọ ẹbí, kánópì àti màlúù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ṣì wà lórí ibùsùn, ta ló ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ lóru kí ìdí rẹ̀ má baà di egbò? Ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ìyá kú tán, wọ́n tún ní kó má sunkún mọ́, òkú àgbà ni, ijó ló kàn. Ijó wo?

UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn níbí, ní ẹ̀ka tó ń dẹ ìrora fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́. Ọ̀pọ̀ kì í tètè débẹ̀. Kí ìpàdé ẹbí kọ́kọ́ pín àìsùn ìtọ́jú aláìsàn náà, ọkùnrin pẹ̀lú. Ẹni tó wà lókè òkun lè sanwó olùtọ́jú.

Òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn