Ẹ̀yin tí ẹ ń polówó ọjà lórí fóònù, ẹ jẹ́ ká mọ iye rẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Ọdún 26 rèé tí mo ti ń ta ohun èlò aránṣọ ní ọjà Yaba: òwú, sípì, bọ́tìnnì, rọ́bà ìbàdí àti aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe inú aṣọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọlọ́jà ni èmi náà, n kò sì bínú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pàtẹ ọjà sórí Instagram, Facebook àti WhatsApp kì í kọ iye ọjà wọn síbẹ̀, gbogbo wa sì ti ń gbà á bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rí bàtà aláwọ̀ wúrà kan lórí Instagram tó bá aṣọ ẹbí wa mu gẹ́lẹ́. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, èló ni bàtà yìí?" Kí n tó kọ tèmi, ó ti tó ogún ènìyàn tó béèrè ohun kan náà, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì fún gbogbo wọn: "Ẹ wá sí DM." Mo lọ sí DM, ìyẹn ibi tí ènìyàn méjì ti ń kọ̀wé síra wọn ní ìkọ̀kọ̀, bí wọ́n ṣe wí, wọ́n ní ₦38,000 ni. Ọmọbìnrin mi, tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù, ní kí n má tíì sanwó. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó béèrè bàtà kan náà, nọ́ńbà ẹsẹ̀ kan náà, lọ́wọ́ ọlọ́jà kan náà. Wọ́n ní kó san ₦31,000. Oníbàárà tí mo ń wọn rọ́bà fún kò tíì kúrò níwájú mi tí ìdáhùn méjèèjì fi dé. Àwòrán tí ẹni tí mo bá kọ̀wé sí máa ń rí lórí fóònù mi ni èyí tí mo yà níbi òkú ìyá ọkọ mi, pẹ̀lú léèsì, gèlè àti iyùn lọ́rùn. Òdòdó lásán ló wà lórí ti ọmọ mi. N kò lè búra pé àwòrán yẹn ni wọ́n wò kí wọ́n tó pe iye fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ₦7,000 ló wà láàárín èmi àti ọmọ tí mo bí, àti pé bí kì í bá ṣe pé a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, kò sí èyí tí ìbá mọ̀ nínú wa.

Àwọn kan yóò sọ pé, ṣebí Yorùbá kì í kọ iye sára ọjà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ṣebí ńṣe là ń nájà. Òótọ́ ni. Èmi pàápàá kì í kọ iye sára sípì nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá dé, n óò pe ₦1,500, yóò ní ₦800 lòun ní, n óò ní kò gbà, yóò ṣe bí ẹni tó ń lọ, n óò sì pè é padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Gbangba ni. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbọ́, ìyá tó ń ta òwú ní ṣọ́ọ̀bù kejì ń gbọ́, alábàárù tó jókòó sórí ẹrù ń gbọ́. Bí mo bá ta sípì kan ní ₦1,000 fún ẹni àkọ́kọ́, ojú mi kò lè gbà á kí n pe ₦2,000 fún ẹni tó tẹ̀lé e, nítorí pé etí rẹ̀ ti gbọ́. Etí àwọn ènìyàn ló ń ṣọ́ wa lọ́jà. Ọjà náà sì wà lọ́wọ́ oníbàárà ní gbogbo ìgbà tó fi ń ná an: yóò fà á síhìn-ín, yóò fà á sọ́hùn-ún, yóò fi èékánná ha eyín sípì náà wò, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gbé e sílẹ̀, wíwò kò lówó nínú. Nínú DM, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí kò ṣe ìwọ àti ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ. N kò lè pe ìyẹn ní ọjà nínná.

Kódà, ọlọ́jà tó bá ń kéde kì í fi iye pamọ́. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Yaba ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ gbọ́ àwọn ọmọkùnrin tó ń ta ọ̀kíríkà. Wọ́n á gun orí àpótí, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì máa kọ ọ́ lórin: "Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún! Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún! Ẹ ṣà á bó ṣe wù yín!" Wọn kì í sọ pé aṣọ náà dára, wọn kì í sọ ìlú tó ti wá. Iye rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè, òun náà ló sì ń dá ẹni tó ń sáré lọ wọkọ̀ dúró.

Bí ìyá mi ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn nígbà tí mo ń kiri ẹ̀kọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́yìn tí a bá ti jáde ilé ìwé. Bí mo bá kéde ẹ̀kọ láìpe iye, tí ó sì gbọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà, yóò pè mí padà. Á ní, "Pe owó rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan lè máa tijú láti dá ọ dúró." Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ kì í fẹ́ béèrè, nítorí pé bí wọ́n bá pe iye tó ju agbára rẹ̀ lọ, yóò ní láti wá àwáwí tí yóò fi kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iye bá wà níwájú rẹ̀, yóò rọra ṣírò owó rẹ̀, yóò rà á tàbí kó kọjá lọ, láìsí ẹni tó mọ ohun tó wà lápò rẹ̀. Àwọn báyìí ni fífi iye pamọ́ kọ́kọ́ ń lé kúrò nídìí ọjà. Mo ti rí ọlọ́jà kan lórí Facebook tó kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹni tí kò bá ṣetán láti rà má wá sí DM òun. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ ṣetán láti ra ohun tí kò mọ iye rẹ̀?

Mo bi ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tajà lórí fóònù léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní kí ẹlẹgbẹ́ òun má bàa fi ₦500 dín tirẹ̀ kù kó sì gba oníbàárà òun. Òmíràn ní bí àwọn tó ń wá sí DM bá ti pọ̀ tó ni Instagram yóò ṣe máa gbé ọjà òun síwájú àwọn ẹlòmíràn tó. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù lọ, ní láti ìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní June 2023, iye tí òun fi ra ọjà lánàá kọ́ lòun yóò fi rà á lónìí. Mo mọ ìyà yẹn, nítorí pé China ni ọ̀pọ̀ sípì tí mo ń tà ti ń wá. Síbẹ̀, iye tí a kọ sórí fóònù kì í ṣe ọ̀dà tí a fi kun ògiri. Kò gba ìṣẹ́jú kan láti pa ti àná rẹ́ kí a kọ tòní, a sì lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye yìí kò kọjá ọjọ́ Sátidé.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin 2018 tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FCCPC fi ń dáàbò bo oníbàárà sọ ní abala 115 pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà fún títà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ han oníbàárà, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Àjọ yìí kan náà ló bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, ní July 2024, nítorí ọwọ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi mú ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Apá tó gùn dé ọ̀dọ̀ onílé yẹ kó lè dé ọ̀dọ̀ ayálégbé.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ bàtà. A san ₦31,000 láti orí fóònù ọmọ mi. Ọlọ́kadà tó gbé e wá kò dúró kí a tú u wò. Nínú àwòrán, òkúta wínníwínní tó ń dán ló yí ẹnu bàtà náà ká. Nígbà tí mo fi áńkáṣíìfù nù ún, mẹ́ta já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ sì hàn níbi tí wọ́n ti ṣí. Gìgísẹ̀ ti òsì ga ju ti ọ̀tún lọ. Ọmọ mi wá àwòrán náà lọ lórí Google, ó sì bá a lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bàtà ní òkè òkun, pẹ̀lú orúkọ ẹni náà nísàlẹ̀ àwòrán, níbi tí ọlọ́jà tiwa ti fi òdòdó kékeré bò ó. Nígbà tí a fi máa kọ̀wé sí wọn, wọ́n ti bulọ́ọ̀kù wa. Bàtà tí mo wọ̀ níbi òkú ìyá ọkọ mi náà ni mo tún wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kí ọmọ mi bá mi ṣí ojú ewé kan fún ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi fúnra mi ni mò ń ya àwòrán, lórí káńtà, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Mo máa ń tẹ́ téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípì kí ènìyàn lè rí i pé ínǹṣì 9 ni, kì í ṣe 7, àtàǹpàkò mi sì máa ń hàn létí àwòrán. Mo ń kọ iye ẹyọ kan, mo ń kọ iye dọ́sìnnì, mo sì ń kọ owó tí ọlọ́kadà yóò gbà dé Ìkẹjà àti Ìkòròdú. Ìyá tó ń ta òwú ní ṣọ́ọ̀bù kejì bínú sí mi fún bí oṣù kan, ó ní mo ń tú àṣírí ọjà. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò pa iye tí mo kọ rẹ́. Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi kò pọ̀ tó ti àwọn tó ń fi iye pamọ́, ó sì máa ń dùn mí. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aránṣọ kan wá láti Badagry. Ó ti ka owó rẹ̀ pé láti ilé, ó wé e sínú bébà, ó kọ gbogbo ohun tó fẹ́ rà àti iye ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn bébà náà. Kò bi mí pé èló ni rárá. Mo fún un ní bọ́tìnnì mẹ́fà ní ènì.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àjọ FCCPC bí wọ́n ṣe fẹ́ mú abala 115 ṣẹ lórí àwọn tó ń tajà lórí fóònù, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde ní Yorùbá tí ìyá ọlọ́jà yóò lè kà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìpolówó ọjà wá sínú ìwé ìròyìn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í pé èló ni kí ẹ tó gbà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Onísípì,
Ọjà Yaba, Èkó.